Ahéré ẹnìkan ṣoṣo nínú ọgbà ìgbafẹ́: ẹ bá mi dá sí i

Ayàwòrán-Ilé
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹnìkan tó ní ọgbà ìgbafẹ́ níhìn-ín n'Ìbàdàn (ọgbà ìgbafẹ́ o, kì í ṣe páàkì tí a ti ń wọ ọkọ̀) ní kí n ya ahéré kékeré kan fún òun, ibi tí ẹnìkan ṣoṣo lè gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ lọ kó sì ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ láìsí ẹni tí yóò dí i lọ́wọ́. Wákàtí wákàtí ni yóò máa gbowó rẹ̀. Ó fẹ́ fi 1 dán an wò ná. Bó bá tà, á ṣe 5 sí i.

Àwòrán kan tó rí lórí fóònù ló fi ránṣẹ́ sí mi. Àpótí gíláàsì ni, láti òkè délẹ̀, ó dá dúró lórí koríko nílùú òyìnbó. Yìnyín wà nílẹ̀. Obìnrin kan jókòó sínú rẹ̀, ó wọ súwẹ́tà. Ó ní, “Irú eléyìí gan-an ni mo fẹ́.” Mo ní kó tún súwẹ́tà yẹn wò dáadáa. Ó ní kí ni súwẹ́tà kàn nínú ọ̀rọ̀ ilé kíkọ́.

Ibi tó fẹ́ gbé e sí rèé: igi mọ́ńgòrò ńlá kan wà níbẹ̀, ilẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀ lọ sétí odò kékeré kan, ọ̀nà ẹsẹ̀ sì gba ìhà gúúsù kọjá. Báwo ni kó ṣe tóbi tó? Ibo ni kó kọjú sí? Kí ni ẹ máa fi ṣe ara rẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ṣiṣẹ́ níta, kí ló máa ń lé yín wọlé?

Gbẹ́nàgbẹ́nà
Ọ̀gá mi, ẹ kú làákàyè. Àwòrán kọ́ ni èmi fi ń bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ báyìí, ṣíìtì páláwúùdù ni. Ẹsẹ̀ bàtà 4 ní ìbú, 8 ní gígùn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń tà á ní gbogbo ọjà. Tí ẹ bá ya ahéré yín ní 4 sí 8, ṣíìtì 1 ti di ilẹ̀ ilé. Ẹ nà án sókè, 1 di ògiri iwájú, 1 di ti ẹ̀yìn, 2 fún ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Èyí tí a bá gé jáde fún fèrèsé la máa fi kan tábìlì. Àmọ́ tí ẹ bá lọ ya 5 sí 7, àgékù pákó tí a máa kó dànù á tó dá iná àríyá.

Igi tó máa sún mọ́ ilẹ̀, ẹ jẹ́ kó jẹ́ òpèpè tàbí apá. Àwọn kan máa sọ fún yín pé arère rọ̀ lówó, pé ó sì rọrùn láti rẹ́. Òótọ́ ni, ó rọrùn fún ikán náà. Ẹ má gbé e lé ilẹ̀ rárá. Ẹ rì páìpù irin 6 mọ́lẹ̀, kí wọ́n yọ ínṣì 18 sókè, kí ẹ fi abọ́ páànù dé orí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kí igi tó gùn ún. Ikán lè gun irin, ṣùgbọ́n tó bá dé abẹ́ abọ́ yẹn, ìta gbangba ló ní láti gbà, ẹ ó sì rí ipa rẹ̀. Òróró ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti lò tán, tí àwọn kan ń fi kun pákó, ẹ má dán an wò. Òórùn rẹ̀ kì í lọ, òjò á sì fọ̀ ọ́ lọ sínú odò tí ẹ sọ yẹn.

Ọmọ Abẹ́-Igi
Ẹ dákun, kí ló ṣe abẹ́ mọ́ńgòrò náà fúnra rẹ̀? Àga 1, tábìlì 1, ó parí. Kí ni ẹ ń kan àpótí mọ́ èèyàn lára fún? Ní Freedom Park l'Ékòó, ilẹ̀ ẹ̀wọ̀n tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kọ́ ni wọ́n sọ di ọgbà ní 2010. Ẹ̀yin wá fẹ́ gbé yàrá ẹ̀wọ̀n ẹnìkan padà sínú ọgbà, ẹ tún fẹ́ gbowó wákàtí lé e.

Ìyá Ìbejì Atẹ̀wé
Ẹ̀gbọ́n Abẹ́-Igi, ó hàn pé ẹ kì í ṣe obìnrin.

Ọdún 3 rèé tí mo ti ń tẹ ìwé fún àwọn agbẹjọ́rò, tí mo sì ń fetí sí ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ kí n lè kọ ọ́. Ilé mi ò gba iṣẹ́. Ẹ ti rí orúkọ mi, ẹ mọ̀ pé ìbejì wà níbẹ̀. Abẹ́ àtíbàbà inú ọgbà kan ni mo máa ń lọ. Ooru kọ́ ló ń lé mi, mo ti bá ooru mulẹ̀. “Àǹtí, ẹ kú ìjókòó” ni. “Àǹtí, kí lẹ ń tẹ̀ látàárọ̀?” “Àǹtí, ṣé ẹ ò ní mu nǹkan?” Tí n ò bá dáhùn, mo di agbéraga. Tí mo bá dáhùn, ó ti fa àga jókòó.

Ohun tí mo fẹ́ kò pọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ̀yìn mi wà lára ògiri, kí ojú mi sì wà lọ́nà, kí n rí ẹni tó ń bọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Gbogbo àwòrán irú ahéré yìí tí mo ti rí, ẹ̀yìn ni ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kọ sí ilẹ̀kùn. Ọkùnrin ló yà á, mo lè búra. Ẹ bò mí láti ilẹ̀ dé ìgbáyà, kí òkè ṣí sílẹ̀. Ìkọ́ ilẹ̀kùn, inú ni kó wà, ṣùgbọ́n kí ẹ̀ṣọ́ ní nǹkan tó lè fi ṣí i láti ìta tó bá ṣẹlẹ̀ pé àárẹ̀ mú mi níbẹ̀.

Èkejì, ìmọ́lẹ̀. Bí fèrèsé bá wà lẹ́yìn mi, ojú ara mi ni mo máa ń rí nínú láptọ́ọ̀pù. Bó bá wà níwájú, ojú á ti máa ro mí kó tó di aago 11. Ẹ̀gbẹ́ ni kó ti wá.

Ẹ̀kẹta, ẹ ò tíì sọ nǹkan kan nípa ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹni tó bá san owó wákàtí 4 á tọ̀ o.

Ọmọ Abẹ́-Igi
Àǹtí, ẹ má bínú. Mo ti gbọ́ ti ẹ̀yìn àti ògiri. Mi ò tíì gbọ́ ti owó.

Ará Hackney
Ẹ kú àárọ̀ láti London. Mo ní nǹkan 2 láti sọ nípa àwòrán oníyìnyín yẹn.

Ní 2015 wọ́n kọ́ ọ́fíìsì kékeré kan sí Hoxton Square, níhìn-ín ní Hackney, tó yí igi ká, igi gba àárín rẹ̀ jáde. Bí ike tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá ni wọ́n fi ṣe é. Ó dùn ún wò. Ọjọ́ mélòó kan péré ni oòrùn ń mú gan-an lọ́dún níbí, síbẹ̀ ẹ bá ẹni tó ní yàrá gíláàsì lẹ́yìn ilé rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní Oṣù Keje kí ẹ gbọ́ igbe.

Èkejì ni George Bernard Shaw, òǹkọ̀wé eré tó gba ẹ̀bùn Nobel ti 1925. Ní ilé rẹ̀ ní Ayot St Lawrence, ahéré pákó kékeré kan wà nísàlẹ̀ ọgbà, tábìlì 1, àga 1, ibùsùn tóóró. Orí irin tó ń yí ni wọ́n gbé e lé, kó lè máa fi èjìká tì í kó tẹ̀ lé oòrùn. Ó sọ ahéré náà ní “London”, kí àwọn ará ilé lè máa sọ fún àlejò pé bàbá wà ní London, kí ó má sì jẹ́ irọ́. Mo lọ wò ó. Ẹ̀yin tí ẹ ga, ẹ máa tẹrí ba. Ẹ wá wò ó pé òun ń lé oòrùn káàkiri ọgbà. Àwa ń sá fún un. Ìyẹn nìkan tó kí ẹ fi yí àwòrán yẹn padà lódìkejì.

Ìyá Ìbejì Atẹ̀wé
“Màámi wà ní London.” Màá kọ ọ́ sára ilẹ̀kùn fún àwọn ìbejì.

Ayàwòrán-Ilé
Ẹ ṣé gan-an. Ọ̀rọ̀ oòrùn tí Ará Hackney sọ, mo jókòó tì í lálẹ́ àná.

Ìbàdàn wà ní nǹkan bí ìwọ̀n dìgírì 7 àti díẹ̀ sí àríwá agbedeméjì ayé. Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ Oṣù Kẹrin títí wọ Oṣù Kẹsàn-án, ìhà àríwá ni oòrùn ọ̀sán máa ń tẹ̀ sí. Ìyókù ọdún, gúúsù ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń rò pé gúúsù ló wà títí. Ilé ẹ̀kọ́ tí mo lọ gan-an, ìwé òyìnbó la fi kọ́ ọ. Àmọ́ yálà ní àríwá tàbí ní gúúsù, òkè lókè ló máa ń wà, ìtẹ̀sí òrùlé (etí òrùlé tó yọ kọjá ògiri) á sì mú un. Ní ọ̀sán Oṣù Kejìlá, ìgbà tó rẹlẹ̀ jù lọ ní gúúsù, ìtẹ̀sí ẹsẹ̀ bàtà 2 àbọ̀ á ṣíji bo bí ẹsẹ̀ bàtà 4 lára ògiri. Ìyẹn kárí fèrèsé.

Ọ̀tá ni oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́, torí ó máa ń wá ní ìbúlẹ̀, kò sí ìtẹ̀sí tó lè dá a dúró. Nítorí náà ẹ̀gbẹ́ gígùn máa kọjú sí àríwá àti gúúsù, ibẹ̀ ni fèrèsé máa wà. Orí tóóró 2 máa wà ní ìlà àti ìwọ̀ oòrùn. Òjò àrá tó máa ń gbé ẹ̀fúùfù wá, ìlà oòrùn ló sábà máa ń ti yọ sí wa, nítorí náà ìhà ìlà oòrùn, ògiri gbọn-in ni, kò ní ihò kankan. Ìyá Ìbejì, ara ògiri yẹn ni ẹ̀yìn yín máa wà, ilẹ̀kùn á wà níwájú yín ní ìwọ̀ oòrùn, ìmọ́lẹ̀ á ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wá. Ṣé ó bá yín lára mu?

Wàhálà kan ló kù. Tí tábìlì bá dábùú láàárín ẹni àti ilẹ̀kùn, nínú ìbú ẹsẹ̀ bàtà 4, ibo lèèyàn máa gbà kọjá? Ínṣì 16 péré ló máa ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Bàbá Ẹ̀ṣọ́
Ínṣì 16? Ọmọ mi, ṣé ìwọ ti rí mi rí?

Gbẹ́nàgbẹ́nà
Káńtà ìsọ̀ ni kí ẹ ṣe. Ẹ fi íńjìsì sí i, kí apá kan tábìlì máa ṣí sókè bíi ti ìyá aláṣọ lọ́jà Agbẹni. Ẹ wọlé, ẹ dà á bolẹ̀, ẹ ti di ọ̀gá. Kò sí ẹni tó máa fa àga jókòó tì yín mọ́ láìjẹ́ pé ẹ ṣí i fún un.

Ìyá Ìbejì Atẹ̀wé
Gbẹ́nàgbẹ́nà, Olúwa á bù sí i fún yín. Ẹ kan án.

Oní-Sólà
Mo ti ń retí kí ẹnìkan dárúkọ iná. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Láptọ́ọ̀pù ń jẹ bí 50 watt, fáànù kékeré oní-12-volt ń jẹ 15, gílóòbù àti íńtánẹ́ẹ̀tì pa pọ̀ 15. Àpapọ̀ 80. Wákàtí 8 lójúmọ́, 640 watt-hour. Ní Oṣù Kẹjọ tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run, ẹ má gbọ́kàn lé ju bí wákàtí 3 ojúlówó oòrùn lọ, ìdámẹ́rin nínú ohun tí pánẹ́ẹ̀lì bá mú wá á sì ṣòfò sínú wáyà àti bátìrì. 300 watt ló máa gbé e, 200 tí wọ́n máa fẹ́ tà fún yín á já yín kulẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bátìrì oní-12-volt, 100 amp-hour ni (ìyẹn 1,200 watt-hour), lithium tí agbára bá wà. Bátìrì olómi kò fẹ́ kí ẹ lò ju ààbọ̀ rẹ̀ lọ, ààbọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ 600, kò kárí.

Ẹni tó bá máa sọ pé kí a fi ẹ̀rọ amúlétutù sí i, ẹ bá mi sọ fún un pé kó gbé ilé iṣẹ́ mànàmáná wá pẹ̀lú rẹ̀.

Àti pé: ẹ ò lè gbé pánẹ́ẹ̀lì sórí ahéré tó wà lábẹ́ igi. Ewé mélòó kan tó bá ṣíji bò ó ti tó láti pa iná rẹ̀ kù. Ẹ gbé e sórí òpó níbi tó ṣí, ẹ ri wáyà mọ́lẹ̀ nínú páìpù.

Bàbá Ẹ̀ṣọ́
Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìmọ̀. Ó pẹ́ tí mo ti ń ṣọ́ ọgbà. Kò sí ẹni tó bi ẹ̀ṣọ́ léèrè rí kí wọ́n tó kọ́ nǹkan. Lẹ́yìn tí wọ́n bá kọ́ ọ tán ni wọ́n máa ń fi kọ́kọ́rọ́ lé wa lọ́wọ́.

Ẹ ní ẹ fẹ́ gbé e sábẹ́ mọ́ńgòrò. Láti Oṣù Kẹta, tí mọ́ńgòrò bá ti ń pọ́n, àwọn ọmọdé ò ní jẹ́ kó já fúnra rẹ̀. Òkò ni. Ẹ fi gíláàsì síbẹ̀ kí ẹ wá wò ó. Kódà páànù, tí òkò bá bà á lórí nígbà tí èèyàn ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀, ọkàn rẹ̀ á fò. Ṣùgbọ́n mo ti kíyè sí wọn: ojú ọ̀nà ni wọ́n ń dúró sí sọ ọ́, ìyẹn gúúsù, òkò wọn á sì gba àárín igi kọjá sí àríwá. Kò sí èyí tó ń lọ sí ìlà oòrùn. Ẹ sún ahéré yín kúrò lábẹ́ ẹ̀ka, ẹ gbé e sí ìlà oòrùn igi náà, bí ìṣísẹ̀ 8. Èso ò ní bọ́ lé e, òkò ò ní dé ibẹ̀, láti aago 3 sì ni òjìji igi á ti máa nà bọ̀ wá bò ó.

Ọ̀rọ̀ odò: mo wà láyé nígbà tí omi Ògùnpa gbé ìlú ní ọjọ́ 31 Oṣù Kẹjọ 1980. Kékeré ni a ń pe odò yẹn náà. Ínṣì 18 tí Gbẹ́nàgbẹ́nà sọ, ẹ sọ ọ́ di ẹsẹ̀ bàtà 3 níhà ìsàlẹ̀, kí ẹ fi àtẹ̀gùn sí i.

Lálẹ́, ẹ kó àga kúrò níbẹ̀. Àwọn kan máa ní kí ẹ ṣe ìjókòó tí èèyàn ò ní lè sùn lé, mi ò fẹ́ ìyẹn. Ẹni tí kò ní ibi tó máa sùn ò ṣẹ̀ mí. Ẹ kàn tì í pa.

Ayàwòrán-Ilé
Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. Òjìji ọ̀sán tí ẹ sọ yẹn ló yanjú oòrùn ìrọ̀lẹ́ tí n ò mọ ohun tí màá ṣe sí. Ọjọ́ 2 ni mo ti ń ya ìbòjú oríṣiríṣi sí orí ìwọ̀ oòrùn yẹn.

Mo ní kí a fi lúfà onípákó (pákó tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ tó dẹ̀gbẹ́ léra, tí atẹ́gùn ń gba àárín wọn kọjá) ṣe fèrèsé rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá tó gbé iṣẹ́ wá ṣì ní gíláàsì lòun fẹ́. Mo ṣàlàyé ooru, ó ní kí a fi fáànù sí i. Mo sọ fún un pé ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ ń mí bí lítà 18 afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù (carbon dioxide) síta ní wákàtí kan, pé nínú yàrá tó kéré tó yìí, tó bá dí pa, láàárín wákàtí kan á ti pọ̀ ní ìlọ́po 6 tàbí 7 ju ti ìta lọ, orí á wúwo, oorun á máa kùn ún, iṣẹ́ ò ní lọ. Ó ní òun máa ń gbé gíláàsì mọ́tò òun sókè, kò sì tíì ṣe òun ní nǹkan kan. Màá mú un lọ síbẹ̀ lọ́la.

Ayàwòrán-Ilé
Ẹ jẹ́ kí n ròyìn.

Mo fi ẹfun sàmì 4 sí 8 sórí koríko, mo ri ọparun 6 mọ́lẹ̀, mo fi ọ̀rá gbọ̀ọ̀rọ̀ tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, tí wọ́n ń fi bo tábìlì, wé e yí ká, lókè náà. Mo gbé àga 1 sínú rẹ̀ àti tábìlì 1, mo fi àbẹ́là 2 dúró lórí tábìlì láìtan wọn. Aago 11 òwúrọ̀ ni. A lọ jẹun. Nígbà tí a fi máa padà ní aago 1, àbẹ́là kan ti tẹ̀, orí rẹ̀ kan tábìlì bí ẹni tó ń kí àgbà. Èkejì ń gbọ̀n lórí ìdí rẹ̀.

Ọ̀gá ní ọ̀rá kì í ṣe gíláàsì. Ó wọlé, ó jókòó, ó ṣí fóònù rẹ̀ pé òun fẹ́ dáhùn lẹ́tà. Mo dúró síta, mo ń wo aago. Ní ìṣẹ́jú kẹta ó yọ fìlà. Ní ìkarùn-ún ó fi aṣọ ìnujú nu ọrùn. Kò sọ̀rọ̀, èmi náà ò sọ̀rọ̀. Ní ìkẹjọ ó ká apá ọ̀rá kan sókè, ó yọ orí jáde, ó ní, “Lúfà lẹ pè é àbí kí lẹ pè é?”

Lúfà onípákó ni, ọ̀gá. Lúfà onípákó.

Gbẹ́nàgbẹ́nà
Hàháà! Ẹ bá mi tọ́jú àbẹ́là yẹn, màá gbé e sí ìsọ̀ mi.

Ó ku òrùlé. Páànù kan ṣoṣo á dá ooru sílẹ̀, òjò á sì pariwo lórí rẹ̀ débi pé ẹ ò ní gbọ́ ara yín. Ẹ ṣe é ní 2: páláwúùdù nísàlẹ̀, páànù lókè, ínṣì 4 láàárín, kí orí rẹ̀ méjèèjì ṣí fún atẹ́gùn, kí a fi nẹ́ẹ̀tì bò wọ́n torí eku àti àdán. Ara lúfà náà, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn nínú.

Ìyá Ìbejì Atẹ̀wé
Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ariwo òjò á wá lọ pátápátá? Torí ohùn agbẹjọ́rò ni mò ń fetí sí.

Gbẹ́nàgbẹ́nà
Kò ní lọ pátápátá, Ìyá Ìbejì, mi ò ní purọ́ fún yín. Ibi tí atẹ́gùn bá gbà wọlé, ariwo á gbà á. Tí òjò ńlá bá dé, ẹ fi ohùn agbẹjọ́rò sílẹ̀ fún bí wákàtí kan.

Ọmọ Abẹ́-Igi
Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Ó dáa, mo gbà pé ó yàtọ̀ sí ẹ̀wọ̀n. Ìbéèrè mi ò tíì rí ìdáhùn: abẹ́ mọ́ńgòrò náà ńkọ́? Ṣé ọ̀fẹ́ ló ṣì máa jẹ́, tàbí tí ahéré 6 bá ti wà níbẹ̀, ẹ̀ṣọ́ á máa lé ẹni tó bá tẹ́ ẹní?

Ayàwòrán-Ilé
Ìbéèrè gidi ni. Mo gbé e lọ bá ọ̀gá. Ó ní òun á fi àga 4 sábẹ́ igi láìgbowó, mo sì ti ya wọ́n sínú àwòrán kí ó má baà gbàgbé. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà ti wọ inú àwòrán, kọ́kọ́rọ́ kan náà ló máa ṣí i pẹ̀lú ahéré. Ọ̀kan ṣoṣo la máa kọ́kọ́ kàn. Tí ó bá lo àsìkò òjò kan tán, ká tó sọ ti 5 yòókù.

Gbẹ́nàgbẹ́nà
Sátidé, aago 8, màá mú tépù wá. Ẹ ní kí wọ́n má ra pákó kankan kí n tó dé, pàápàá arère.

Bàbá Ẹ̀ṣọ́
Èmi ni màá ṣí géètì. Kí ẹ kọ́kọ́ fi tépù yẹn wọn ẹnu ọ̀nà káńtà náà mọ́ mi lára.